Ilé Gogoro tí Àrá Wó

Ẹni tí ó bá ń ta aṣọ ọ̀kírìkà ní ọjà Yábàá kì í gbé kóòtù kọ́ láìkọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti wọ aṣọ náà ní òkè òkun a máa gbàgbé nǹkan sínú rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, áńkáṣíìfù, owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí kò ṣeé fi ra ẹ̀pà ní Èkó. Ohun tí ọ̀dọ́mọbìnrin ará Mákòkó kan bá nínú àpò kóòtù dúdú kan ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2016, kò jọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Káàdì kan ṣoṣo ni. Ó gùn ju káàdì tí àwọn ọkùnrin fi ń ta tẹ́tẹ́ lọ, àwòrán sì kún ojú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

Ilé gogoro kan ni wọ́n yà sí i, aláwọ̀ eérú, lórí òkè àpáta tí ó ṣe ṣóńṣó. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Mànàmáná ti òkè wá, ó kọ lu orí ilé náà, adé ńlá tí wọ́n fi dé e lórí ti ṣí kúrò, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Iná ń yọ lójú fèrèsé mẹ́ta. Ènìyàn méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ń já bọ̀ láti òkè, orí ni wọ́n gbé ṣíwájú. Kò sí ilẹ̀kùn kankan ní ara ilé náà. Ní òkè káàdì ni nọ́ńbà 16 wà bí àwọn ará Róòmù ti ń kọ ọ́. Ní ìsàlẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju Ilé Gogoro lọ.

Ká ní ọ̀sẹ̀ mìíràn ni, ọmọbìnrin náà ì bá ti jù ú nù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣáájú, ọjọ́ 7 oṣù náà, òjò ńlá rọ̀, ilé-ìwé tí ó léfòó lórí omi ní Mákòkó sì wó. Gbogbo ayé ni ó mọ ilé-ìwé náà. Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, ni ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2013. Àjà mẹ́ta ni, gíga rẹ̀ tó mítà 10, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí àgọ́, àgbá oníke 256 ni ó sì gbé e lójú omi. Àwọn aláwọ̀ funfun a máa wọ ọkọ̀ wá wò ó. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2016 kan náà ni irú rẹ̀ kejì, tí wọ́n kọ́ sí ìlú Venice ní Ítálì, gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ti Mákòkó fi dojú dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kúrò nínú rẹ̀ láti oṣù kẹta, nítorí náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọmọbìnrin yìí rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ bí ó ti di òkìtì pákó. Ìgbà tí ó sì wá rí ilé tí ń wó nínú àpò kóòtù, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ó fi káàdì náà pamọ́ sí inú tòbí.

Ègùn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé orí omi Mákòkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Ìlàjẹ náà wà níbẹ̀. Láti Àgbádárìgì, láti Àjàṣẹ́, láti àwọn ìletò orí omi tí ó wà lẹ́bàá Kútọnu ni àwọn baba wọn ti tukọ̀ wá nítorí ẹja. Orí òpó ni ilé wọn dúró lé. Òkóbàbá, níbi tí wọ́n ti ń la igi nígbà náà, kò jìnnà, ibẹ̀ ni pákó àti òpó ti ń wá ní àkókò náà. Ẹni tí kò gbé orí omi rí lè rò pé apá òpó tí ó rì sínú omi ni yóò kọ́kọ́ jẹrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí omi bò mọ́lẹ̀ pátápátá a máa pẹ́, èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà a máa pẹ́; ibi tí omi ń gòkè dé tí ó sì ń sọ̀ kúrò, tí òpó ń tutù lónìí tí ó ń gbẹ lọ́la, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ. Méjì nínú òpó ilé ìyá ọmọbìnrin náà ti jẹ dé ibi tí ènìyàn lè fi èékánná họ ọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, pákó ilẹ̀ kan já lábẹ́ ọmọ kékeré tí ó wá ra ẹja, inú omi ni wọ́n ti fà á yọ. Ọmọ náà yè. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin yìí kò ti sùn dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀ nìyí. Ó ti tó ọdún méjì tí ó ti ń bẹ ìyá náà pé kí wọ́n lọ gba yàrá kan sí Ìwáyà, lórí ilẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè jí ní òru kí ó má ronú òpó. Ìyá náà kò gbà. Obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ẹja ṣáwá ni ó ń yan, èéfín sì ti pọ́n ọn lójú. Ó mọ ohun tí à ń pè ní kí ilé wó. Ní oṣù keje ọdún 2012 ni ìwé dé etí omi pé kí àwọn ènìyàn kó kúrò láàárín wákàtí 72. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gé òpó ilé. Ọ̀pọ̀ ẹbí sun inú ọkọ̀ ojú omi, àwọn pẹ̀lú ìkòkò àti ọmọ ọwọ́. Ìgbà tí ìbọn ọlọ́pàá pa ọ̀kan nínú àwọn olóyè àdúgbò náà ní ọjọ́ 21 ni iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró. Ilé ìyá yìí wà lára àwọn tí wọ́n gé. Ó tún un kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú owó àjọ. Ẹni tí ó bá ti ṣe èyí rí kì í fẹ́ gbọ́ kí ọmọ rẹ̀ máa sọ pé ilé náà kò dára.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìyá náà kì í kọ etí dídi sí, ìran ni. Ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá ni, ìjọ tí Oṣóffà dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, tí ó sì gba ọwọ́ àwọn apẹja Ègùn dé Mákòkó ní nǹkan bí 1950. Bí aríran bá sọ fún un pé kí ó má ná ọjà ní ọjọ́ kan, kò ní ná an. Ọmọbìnrin náà mọ èyí bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ní òru ọjọ́ Ẹtì náà, bí ó ti dùbúlẹ̀ tí omi ń fọwọ́ gbá òpó lábẹ́ rẹ̀, èrò kan wọ ọkàn rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára: bí òun bá gbé káàdì yìí síwájú Màámi, tí ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo sì sọ pé àmì ni, ilé yìí ni ó ń sọ, kí wọ́n kó kúrò, Màámi yóò kó.

Ó kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Ìparun òjijì ni ohun àkọ́kọ́ tí ó kà, àti ìgbéraga tí a rẹ̀ sílẹ̀. Ó pa fóònù. Ká ní ó kà á síwájú ni, ì bá ti rí i pé àwọn tí ń fi káàdì náà wòye a máa fi nǹkan mìíràn kún un: pé irọ́ ni ilé náà, òtítọ́ sì ni mànàmáná, pé ẹni tí ó já bọ̀ láti inú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ti rí ọ̀nà jáde. Ìtumọ̀ ìkẹyìn yìí dùn ún gbọ́ létí. Ó ṣeé ṣe kí ó má dùn tó bẹ́ẹ̀ létí ẹni tí ń já bọ̀.

Bí a bá tọpinpin ibi tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti wá, a ó rí i pé eré ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. Tarot ni orúkọ wọn. Méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n jẹ́, méjìlélógún nínú wọn ni ó ní àwòrán pàtàkì bí irú èyí. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Ítálì ti àríwá ni wọ́n ń fi wọ́n ta ayò láti bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó ń bi wọ́n léèrè nípa ọ̀la. Ní 1781 ni ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Antoine Court de Gébelin, kọ ọ́ sínú ìwé pé àṣírí àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ni ó pamọ́ sínú wọn. Ní àkókò náà kò sí alààyè kan tí ó lè ka ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Ìgbà tí yóò fi di 1822 tí Champollion rí ojútùú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti ràn ká. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi káàdì náà wòye. Èyí tí ó wà nínú àpò kóòtù yìí jẹ́ ọ̀kan nínú irú èyí tí Arthur Edward Waite gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1909. Obìnrin kan, Pamela Colman Smith, ni ó ya gbogbo àwòrán rẹ̀.

Orúkọ Ilé Gogoro yìí nìkan tó ohun tí ènìyàn lè jókòó rò. Àwọn ará Ítálì ìgbàanì kan ń pè é ní Iná, àwọn mìíràn ń pè é ní Mànàmáná, àwọn kan sì ń pè é ní Ilé Èṣù, Èṣù ti inú Bíbélì ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé, Ilé Ọlọ́run ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ilé kan náà ni, iná kan náà ni. Ní Faransé àtijọ́, wọ́n a sì tún máa pe ilé tí a ti ń gba àwọn tálákà àti aláìsàn sí ní orúkọ yìí. A kò lè sọ pé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe pe káàdì náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo òkìtì pákó ilé-ìwé Mákòkó ní ọ̀sẹ̀ náà kò ní lè gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọbìnrin náà wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀. Bokọ́nọ̀ ni bàbá náà, bí àwọn Ègùn ti ń pe babaláwo. Fá ni wọ́n ń pe Ifá, agúnmagá ni wọ́n ń pe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ìwòrì ni Woli wọn, Òdí ni Di, àwọn fúnra wọn sì ń sọ pé láti Ifẹ̀ ni Fá ti wá bá wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ sí ìjọ alásọ funfun, òun ń da agúnmagá, wọ́n sì jọ ń jẹun ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú. Irú èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Mákòkó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá wà níbẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ gba káàdì náà wò. Ojú rẹ̀ là. Ó ní àgbá tí ó gbé ilé-ìwé náà jẹ́ 256. Odù Fá, mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún, 256 ni. Káàdì náà jẹ́ ìkẹrìndínlógún. Ọdún náà sì jẹ́ 2016. Ó ní kí wọ́n wá sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ni o ka àgbá náà ni? Bí wọ́n bá ti fi ọ̀kan kún un, ṣé òjò kò ní wó o?”

Ohun tí bàbá sọ yìí yẹ kí a dúró lé díẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá a máa bọ́ sínú ọ̀fìn ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Iye tí ó bá iye mu kò tíì di ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìkẹrìndínlógún kiri yóò rí i nínú ẹ̀wà àwo rẹ̀. Àwòrán káàdì ń fi nǹkan han ojú, ó sì ń jẹ́ kí olúkúlùkù rí ohun tí ó ti gbé wá láti ilé. Odù kò ní àwòrán. Ilà ni, ẹyọ kan tàbí méjì, ọ̀wọ́ mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ẹni tí kò bá mọ ẹsẹ̀ tí ó so mọ́ ọn kò lè fi ojú lásán rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kọ́ àwọn ẹsẹ̀ náà sórí, ó sì lè jẹ́ ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ UNESCO ti àgbáyé kéde Ifá ní 2005 pé ó wà lára ìṣúra gbogbo ọmọ aráyé nìyẹn: inú orí ènìyàn ni ó wà.

“Bàbá, ẹ bá mi wo èyí,” ni ọmọbìnrin náà wí lórí ìkúnlẹ̀.

Bàbá gbé káàdì náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. “Ta ni ó béèrè?”

“Béèrè kí ni, Bàbá?”

“Kí Fá tó fọhùn, ẹnìkan ní láti sọ ọ̀rọ̀ sí owó létí. Èmi tí mo ń dá a kì í mọ ohun tí ó sọ. Ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ sí èyí létí?”

Ọmọbìnrin náà ní inú àpò kóòtù ni òun ti rí i.

“Ó dára. Oyìnbó tí ó ni kóòtù, bóyá òun ni ó béèrè. Kí Ọlọ́run gbà á. Kí wá ni ẹbọ rẹ̀?”

“Fóònù kò sọ ẹbọ, Bàbá. Ó kàn ní ilé yóò wó ni.”

Bàbá dá káàdì náà padà sí ọwọ́ rẹ̀. “Ìwé tí ó ní ilé yóò wó, tí kò sọ ohun tí onílé yóò ṣe, mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún kẹrin sẹ́yìn ni wọ́n mú un wá fún wa.”

Ọmọbìnrin náà wá tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí bàbá gba òun, kí ó kàn sọ fún Màámi pé Fá ní kí wọ́n kó lọ sí orí ilẹ̀. Òpó ti jẹ, ẹ̀rù ń ba òun, Màámi kò sì ní gbọ́ tí òun bá sọ ọ́. Bàbá dákẹ́ títí tí ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan fi kọjá lábẹ́ fèrèsé. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní òun kò lè fi Fá purọ́ fún ọmọ tí òun bí. Bí òun bá purọ́ lónìí nítorí ohun tí ó dára, kí ni òun yóò fi sọ òtítọ́ fún un lọ́la? “Ìwọ ni o ní ẹ̀rù. Ìwọ ni o ní ọ̀rọ̀. Lọ fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.”

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìtàn yìí lè yára yin bàbá. Ó tọ́ kí a yìn ín, ṣùgbọ́n kí a rántí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tún òpó kankan ṣe, ìbínú ni ọmọbìnrin náà sì fi wọ ọkọ̀ padà. Ohun mìíràn sì wà nínú ọkàn rẹ̀ tí kò sọ fún bàbá. Ní ọjà, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ilé-ìwé náà wó, oníbàárà kan ti sọ níwájú rẹ̀, láìmọ ibi tí ó ti wá, pé Ọlọ́run ni ó mú un: kí ni wọ́n ń wá lórí omi? Ìtumọ̀ tí ó kà lórí fóònù, ìgbéraga tí a rẹ̀ sílẹ̀, oníbàárà yìí ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ibí gan-an ni ìṣòro àmì yìí wà, kì í sì í ṣe ti àwọn Oyìnbó nìkan. Láàárín Yorùbá láyé àtijọ́, bí Ṣàngó bá jà ní ilé kan, ẹni tí ilé rẹ̀ jó ni ó jẹ̀bi. Àwọn oníṣàngó ni yóò wọ ibẹ̀ láti hú ẹdùn àrá jáde, onílé ni yóò sì pèsè ohun ètùtù, kò sì gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀. Wọ́n gbà pé àrá kì í ṣì í. Àwọn Ègùn gbà bẹ́ẹ̀ nípa Hẹviosò tiwọn. Síbẹ̀, ìtàn Ṣàngó fúnra rẹ̀, bí Samuel Johnson ti ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, jẹ́ ká rí ilé gogoro mìíràn. Aláàfin ní oògùn tí ó fi lè pe mànàmáná. Ó gun òkè láti dán an wò. Òjò ṣú, àrá sán, ààfin òun tìkára rẹ̀ ni ó gba iná, àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ sì kú sínú rẹ̀. Adé ṣí kúrò lórí ilé lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àwòrán Pamela Smith. Ṣùgbọ́n ta ni ó rán iná náà? Ọba ni. Ta ni ó jó? Kì í ṣe òun. Àwọn aya tí wọ́n wà nínú iyàrá wọn kò gun òkè kankan, wọn kò gbéraga sí ẹnikẹ́ni.

Bí a bá fi ojú àwọn aya wọ̀nyẹn wo káàdì náà, ọ̀nà tí a ń gbà túmọ̀ rẹ̀ yóò yí padà. Kò ní sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ onílé. Yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó wà lórí òkè. Àwọn ará Mákòkó mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: òjò ni ó wó ilé-ìwé ọdún 2016, òjò kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìwé, ilé ti 2012, ènìyàn ni ó gé òpó rẹ̀, ìwé sì ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní àmì kan náà kò tíì gbé orí omi.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, nígbà tí iná ẹja ti ń kú lọ, ọmọbìnrin náà jókòó ti ìyá rẹ̀. Kò gbé káàdì jáde. Ó ní, “Màámi, ẹ̀rù ilé yìí ń bà mí. Mi ò kì í sùn.” Ìyá náà kò dáhùn, ó ń yí ẹja padà. Ọmọbìnrin náà sọ nípa òpó méjèèjì, ó sọ nípa ọmọ tí ó bọ́ sómi ní oṣù kẹrin, ó tún sọ pé òun ti lọ bá bàbá àgbà láti bẹ̀ ẹ́ kí ó purọ́. Nígbà tí ó dé ibi èyí, ìyá náà gbójú sókè.

“Ó purọ́?”

“Kò gbà.”

“Kí ni o mú lọ fún un?”

Ìgbà náà ni ó yọ káàdì jáde. Ìyá náà nu ọwọ́ sára aṣọ, ó gbà á, ó sún un mọ́ ẹyín iná. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà pé yóò jù ú sínú iná, tàbí pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. Kò ṣe méjèèjì. Ó tẹjú mọ́ àwọn ènìyàn méjì tí ń já bọ̀.

“Ọkọ̀ wọn dà?”

“Kò sí ọkọ̀, Màámi. Àpáta ni ó wà nísàlẹ̀ wọn.”

“Áà.” Ó mi orí. “Orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ní ọjọ́ tí wọ́n gé tiwa, inú ọkọ̀ ni a bọ́ sí. Ìwọ lo di ìkòkò mú.”

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè èló ni yàrá Ìwáyà. Ọmọ náà sọ iye rẹ̀. Ìyá béèrè bóyá onílé yóò jẹ́ kí òun yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà kò tíì béèrè. Ìyá ní kí ó lọ béèrè. Bí onílé bá gbà, tí òjò ọdún náà bá sì kásẹ̀ nílẹ̀, òun yóò tẹ̀ lé e lọ wò ó, wíwò lásán ni. Bí kò bá sì gbà, kí ni àwọn yóò jẹ lórí ilẹ̀ náà? Ọmọbìnrin náà kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò parí ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì parí ní ọdún náà.

Agolo bisikíìtì kan wà tí ìyá náà há sí abẹ́ òrùlé, níbi tí òjò kò dé. Inú rẹ̀ ni ìwé ìrìbọmi rẹ̀ wà, àti ìwé wákàtí 72 ti oṣù keje ọdún 2012, tí ó ti pọ́n ní etí. Ó fi káàdì náà sí àárín wọn, ó dé agolo náà.

Ní ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ kan gbé òpó mẹ́ta dé láti Òkóbàbá. Owó méjì nínú wọn ti inú owó yàrá Ìwáyà tí ọmọbìnrin náà ti ń tọ́jú jáde. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí wọ́n tó ri ẹ̀kẹta mọ́lẹ̀. Ìyá náà gun orí pákó tí ó wà lókè rẹ̀, ó fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n máa gbé ẹja bọ̀.